I.K. Dáíró àti Ègbè Orin Ìjẹ̀ṣà

Ní 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, bí ẹ bá yà síbi ijó àwọn ọ̀mọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, háíláìfù lẹ máa bá níbẹ̀. Victor Ọláìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fun fèrè níbi ijó tí ìjọba fi ṣe àjọyọ̀ òmìnira. Àwọn tó ń kọ jùjú kò rọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀. Ilé ẹlẹ́mu, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà ni wọ́n ti ń rówó. Ọdún yẹn náà ni agbẹjọ́rò kan n'Íbàdàn, Olóyè D.O.A. Ògúntóyè, ṣe àríyá òmìnira tirẹ̀, tó sì ránṣẹ́ pe ọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà pé kó wá dá àwọn àlejò òun lára yá. Àwọn bọ̀rọ̀kìnní ilẹ̀ Yorùbá pé jọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pè é sí òde tiwọn.

Ìṣaíàh Kẹ́hìndé Dáíró lorúkọ rẹ̀. Kí òkìkí tó kàn, ó ti fárí fúnni, ó ti kiri aṣọ, ó ti ṣe lébìrà. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: pé òun ló mú akọ́díọ́nù wọ inú jùjú, àti pé ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ńṣe ni wọ́n fi ẹran sílẹ̀ tí wọ́n ń họ eegun. Inú ègbè ni iṣẹ́ tí Dáíró ṣe gan-an wà. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń gbe orin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi ọdún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e sínú rẹ́kọ́dù Decca, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é.

Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1930. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà nilé bàbá rẹ̀, àtìpó ni wọ́n ní Ọ̀fà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé àwọn ìjọ onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ilé kò ká a mọ́, ó fi ìwé sílẹ̀. Nígbà tó ń padà sílé, ìlù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, abẹ onígbàjámọ̀ ló fi ń jẹun, ìlù ló fi ń tura. Bí kò bá sí orí lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fá, ẹ máa bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníjùjú àdúgbò, yóò tẹ́tí, yóò sì padà lọ fi ìlù tirẹ̀ dán an wò. Ní 1942 ó wọ ẹgbẹ́ Táíwò Ìgèsè, ọmọ ọdún méjìlá péré. Láàárín ọdún díẹ̀ ẹgbẹ́ náà tú ká.

Ní 1948 ó gba Ẹdẹ lọ, ó sì mú iṣẹ́ tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń ṣe kiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà: aṣọ títà. Ẹni tó bá dàgbà ní ìlú kékeré láyé ọjọ́un mọ òṣómàáló dáadáa. Wọ́n á kó aṣọ dé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dá ìgbà ìkórè fún owó rẹ̀. Bí àdéhùn bá pé tí owó ò jáde, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà náà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ojú ọjọ́ ìbáà ṣú, kò ní dìde. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n owó aṣọ àwìn yẹn ló kọ́ ilé púpọ̀ ní Iléṣà, òun náà ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé ìwé. Dáíró kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ayẹyẹ kan ń lọ nínú ìlú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lùlù kọjá, ló bá fi aṣọ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá dé láìròtẹ́lẹ̀, ó bá ọmọ iṣẹ́ láàárín agbo. Kò kúkú lóṣòó. Ijó ló ń jó. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ṣe iṣẹ́ alágbára níhìn-ín lọ́hùn-ún títí tó fi tu owó ọkọ̀ jọ dé Ìbàdàn, níbi tí Òjòge Daniel, ọ̀kan lára àwọn àgbà oníjùjú, ń gbé ṣeré. Ẹgbẹ́ yẹn ló bá jáde lóru fún sáà kan kó tó padà sílé. Ní 1957 ó kó èèyàn mẹ́wàá jọ, ó sì sọ wọ́n ní Morning Star Orchestra. Nígbà tí òkìkí wọn wá kàn lẹ́yìn òmìnira, ó yí orúkọ náà padà sí Blue Spots. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn oníjùjú tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn gbé sáfẹ́fẹ́.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ohun tí etí ọmọ náà ti ń gbọ́ kó tó gbá okùn gìtá mú.

Ọdún tí wọ́n bí Dáíró gan-an ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní oṣù Keje 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọkùnrin tó ti ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì tẹ́lẹ̀, dúró ní Òkè-Oòyè, ó ń wàásù, ó ń gbàdúrà fún aláìsàn. Èrò wọ́ wá láti Èkìtì, láti Oǹdó, láti Ọ̀yọ́, títí tí àyè kò fi gbà wọ́n mọ́. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínsọ̀wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925 náà ń tàn wọ inú ìlú wọ̀nyí. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kí àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa wo ojú ìwé orin. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lùlù, wọ́n jó. Bí ẹ̀mí bá gbé obìnrin kan, á dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìjọ á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kí ẹ tó mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, ẹ rántí ìyà tí orin ìsìn fi jẹ èdè wa látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó mú orin tí wọ́n ti ń kọ nílé wọn wá, wọ́n ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin kò yí padà. Èdè tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ti í ṣe nǹkan kan náà, tí ohùn bá gbé e lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyàwó tó ń dúpẹ́ lórí ọkọ rẹ̀ lè di ẹni tó ń dúpẹ́ lórí irin iṣẹ́ oko. Ìjọ á máa kọ ọ́ tọkàntọkàn, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti rí i tipẹ́ pé kò dára bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J.J. Ransome-Kútì, tó gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní 1922, ti ń ṣe orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ìjọ ìsọjí wọ̀nyí, tí à ń pè ní Aládùúrà, sọ di títì ńlá, orí rẹ̀ sì ni Dáíró ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ di òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàárín àwọn Aládùúrà. Nígbà tó bá gbàdúrà nínú rẹ́kọ́dù, ẹni tó mọ ilé àdúrà á mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ègbè wá ńkọ́? Ní Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, bí ẹnì kan bá lé orin, àwọn tó kù á gbè é lóhùn kan ṣoṣo, bí ogún èèyàn bá wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ gba Èkìtì kọjá lọ sí ọ̀nà Oǹdó, nǹkan yí padà. Níbẹ̀, ohùn kejì á yà kúrò lára ti àkọ́kọ́, á gba òkè rẹ̀ díẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láìkọlura, láìpínyà, títí gbólóhùn á fi parí. Àwọn onímọ̀ orin ti kọ ìwé lórí rẹ̀. Ìyá tó ń gún iyán ní Ẹ̀sà-Òkè kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá dá orin lẹ́bàá odó, òun á mú ohùn kejì láìronú. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wọn ní èyí. Ó ti wà nínú orin ọdún wọn kí dùùrù tó dé.

Jùjú tó ti ọ̀dọ̀ Túndé King bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó láàárín ọdún 1930 sí 1939 kò ní irú ègbè yìí. Orin ẹni kan ni, pẹ̀lú báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ tí ṣaworo yí ká. Ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, bí ẹni ń fọ̀rọ̀ tó ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí lẹ́bàá ìgò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan àti gìtá oníná wọlé. Dáíró gba gbogbo èyí, ó sì kó àwọn ohùn Ìjẹ̀ṣà tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni jùjú kúrò ní orin ẹni kan, ó di orin agboolé.

Akọ́díọ́nù náà bá ète yìí mu. Dùùrù àfàyà yẹn, tí wọ́n ń fà gùn tí wọ́n ń tì padà bí ọwọ́ ṣe ń tẹ bọ́tìnì, ohùn rẹ̀ kò jìnnà sí ti dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kékeré. Ẹni tó gbọ́ ọ nínú "Salome" tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé àwọn onílù kan ya wọ ilé ìsìn láìkan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, orin ìfẹ́ sí obìnrin ni.

Kò tún dúró sórí ohùn nìkan. Ó kọrin ní Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́, ó sì tún ki ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà bọ̀ ọ́. Ìyẹn kò rọrùn bó ṣe dún létí yín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá dé Ìbàdàn tó pe ilé ní *ulé*, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tíṣà á nà án, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sín in jẹ. Ọ̀pọ̀ ló sì gbé ẹnu ilé jù sẹ́yìn ibodè tí wọ́n bá ti jáde. Ọkùnrin tí kò parí ìwé ló wá gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́dù, tí àwọn tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín sì ń fi owó ara wọn rà á. Lẹ́yìn náà ló gba àárín àwọn aládùúgbò lọ: ó kọrin ní èdè Ùròbò, ní Ìtsẹkírì, ní Haúsá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ta rẹ́kọ́dù gbọ́dọ̀ wá oníbàárà níbi gbogbo, mi ò sì ní fi ẹ̀wù ẹni mímọ́ wọ oníṣòwò. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olóṣèlú Nàìjíríà ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kórìíra ará ẹkùn kejì, ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Sápẹ̀lẹ̀.

Ó kọ orin ìkìlọ̀ náà. "Ká Ṣọ́ra" wà lára àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jù kí ogun abẹ́lé tó dé, ọ̀pọ̀ ló sì ń wò ó sẹ́yìn lónìí bíi pé ó ti rí ogun náà kó tó bẹ́. Mi ò gbà pé Dáíró jẹ́ wòlíì. Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn láàárín 1962 sí 1966, tó rí bí wọ́n ṣe ń dáná sun ilé àti èèyàn nígbà rògbòdìyàn òṣèlú tí wọ́n pè ní wẹ́tíẹ̀, kò nílò ìran kó tó mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Ohun tó yàtọ̀ lára tirẹ̀ ni pé kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Hubert Ògúǹdé ṣe "Yorùbá Ronú" ní 1964, ó sọ ọ̀rọ̀ lójú egbò, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fi òfin dè é. Ìkìlọ̀ tí Dáíró ṣe wọ gbogbo ilé, kódà ilé àwọn tó ń bá wí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tó gbọ́n jù nínú méjèèjì. Èmi ò tíì lè yàn.

Ní ti MBE, ọdún tí wọ́n fún un gan-an ni Nàìjíríà yọ ọbabìnrin kúrò nípò olórí orílẹ̀-èdè, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1963. Dáíró so lẹ́tà mẹ́ta náà mọ́ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú, wọ́n wà lójú páálí rẹ́kọ́dù rẹ̀. Mi ò bínú sí i.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi dá a lọ́lá jù ni ti 1969. Títí di ìgbà náà, òyìnbó ló ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tẹ rẹ́kọ́dù. Olórin á kọ, wọ́n á ka owó péréte lé e lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ á sì di dúkìá ẹlòmíràn. Dáíró àti Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá alápàlà ará Ìjẹ̀bú-Igbó, pawọ́ pọ̀, wọ́n dá STAR Records sílẹ̀, níbi tí àwọn olórin fúnra wọn ti ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà. Kìrìsítẹ́nì kan, Mùsùlùmí kan. Oníjùjú kan, alápàlà kan. Àwọn méjèèjì ì bá ti máa figa gbága lórí òde kan náà, ìwé owó ni wọ́n jókòó tì pa pọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni rẹ́kọ́dù tí Ìṣọ̀lá fi yin Òròkí Social Club, ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ Òṣogbo, gba ìgboro kan.

Òṣogbo yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ìlú ọkọ̀ ojú irin ni, àwọn èèyàn láti ibi gbogbo ló sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Sunny Adé sí ní 1946, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Orlando Owoh sí. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń ṣe títí di 1958 tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú un wọ ẹgbẹ́ eré rẹ̀ kó máa lùlù kó sì máa kọrin. Ṣùgbọ́n Dúró Ládiípọ̀ ni mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, torí ìjà tí Dáíró jà lẹ́rìn-ín lẹ́rìn-ín, òun fi ojú kan ojú jà á.

Ọmọ àlùfáà Áńgílíkà ni Ládiípọ̀, tíṣà sì ni. Lásìkò òmìnira, ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì kó dùndún wọ inú ilé Ọlọ́run. Ariwo sọ. Lójú àwọn àgbà ìjọ, ìlù òrìṣà ni ìlù yẹn, kò sì yẹ kó dún nítòsí pẹpẹ. Ládiípọ̀ kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ju ìlù nù. Ó gbé orin rẹ̀ jáde síta, Ulli Beier tó ń ṣe olùkọ́ nígbà náà tì í lẹ́yìn, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1962 sì ni wọ́n ṣí ibùdó àṣà Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo pẹ̀lú eré "Ọba Mọ́rọ̀". Ní 1963 ni "Ọba Kò So" tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti gbé e dé Bẹ̀líìnì, Ládiípọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Ṣàngó, Abíọ́dún aya rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọya. Àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ Yorùbá kan ṣoṣo jókòó wò ó tán. Ìlù tí wọ́n lé kúrò nídìí pẹpẹ l'Óṣogbo di ohun tí òyìnbó ń sanwó wò. Ládiípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1978, kò tíì gbó. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà èyíkéyìí ní Òṣogbo lọ́jọ́ ìkórè, gángan á máa dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ń rántí pé ìjà ni wọ́n fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bíni sí àti ibi tí a ti wá yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ níbòmíràn. Ní Kánádà, àwọn Cree wà lára àwọn onílẹ̀ tó pọ̀ jù, fún ọgọ́ta ọdún ni ayé sì fi mọ Buffy Sainte-Marie gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn tó ń fi gìtá jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Láti 1964 tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ló ti ń kọrin tako ogun àti bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ilé iṣẹ́ CBC gbé ìwé ìbí rẹ̀ jáde: Massachusetts ni wọ́n bí i sí, lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Òun ní ohun tí ìyá òun sọ fún òun lòun gbà gbọ́. Ìdílé Piapot, àwọn Cree tó gbà á ṣọmọ nígbà tó ti dàgbà, ní tiwọn ni. Ní 2025, ìjọba Kánádà gba oyè Order of Canada lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Cree, kì í ṣe torí pé kò kọrin dáadáa, bí kò ṣe torí ẹ̀bùn àti àyè tó gbà tó yẹ kó jẹ́ ti ọmọ wọn.

Àwa níhìn-ín kì í sábà ní irú ẹjọ́ yẹn. Wọ́n bí Dáíró sí Ọ̀fà, kò sì sí ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó bi í léèrè rí pé ọmọ ibo ni. Ilé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti wọ́ ni pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dá ṣáká, tí oríkì wọn kò lábùlà, ni kò gbé orin náà. Ẹ lọ sí Iléṣà kí ẹ bi ọmọ ogún ọdún kí ó gbe orin lóhùn kejì bí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é. Àwọn tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n kọ́ nínú fídíò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe ti Òkè-Oòyè.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, orúkọ Ìjẹ̀ṣà kò kúrò lẹ́nu àwọn onílù. Wọ́n ń pe ìlù kan ní *ijexá*. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú, wọn kì í lo ọ̀pá, agogo ló sì ń darí rẹ̀. Òṣun gan-an ni wọ́n fi ń kí jù. Ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador dá sílẹ̀ ní 1949, ń fi ìlù yìí rìn lọ́jọ́ àríyá ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú aṣọ funfun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi ọwọ́ tọ́ka Iléṣà lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó bàbá ńlá wọn lẹ́rú lọ kò gbàgbé ìlù. Àwa tí a kò kúrò nílé là ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ kò fi mọ ègbè.

Láàárín ọdún 1970 sí 1989, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ti gba ọjà lọ́wọ́ Dáíró. Gìtá pọ̀ sí i, owó níná lójú agbo pọ̀ sí i, orin gùn. Dáíró fà sẹ́yìn, ó mójú tó iṣẹ́ ilé ìtura, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ìsìn. Nígbà tó tún yọjú, òkè òkun ni etí tó ń gbọ́ ọ ti pọ̀ jù. Wọ́n kó àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ jọ sínú "Juju Master" ní 1990, ó ṣe "I Remember" ní 1991 àti "Ashiko" ní 1994. Láàárín 1994 sí 1995 ló wà ní Yunifásítì Washington ní Seattle, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin. Ọkùnrin tí owó ilé ìwé lé kúrò ní Ọ̀fà! Ó padà wálé, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 1996, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Ọmọ rẹ̀ Paul, tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ sí Paul Play, tún "Mo Sorire" ṣe ní tirẹ̀, ó sì gbà á lọ síbi ìgbéyàwó tí àwọn tí kò mọ bàbá rẹ̀ ti ń jó. Ó dùn, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí mo ń sọ láti òkè wá, kó wá "Juju Master" kiri, kó sì fi akọ́díọ́nù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kó má gbọ́ Dáíró fúnra rẹ̀ pàápàá. Kó tẹ́tí sí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó mú ọ̀kan nínú ohùn méjèèjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, kó sì gbìyànjú láti bá a lọ dé òpin ìlà láìfò sórí èkejì. Kò ní rí i ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá àgbà kan láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìbòkun bá wà nílé, kó pè é wá kó jókòó tì í.